Ìwé Ikú Ẹ̀rọ Omi

Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá ku díẹ̀, ní ọ́fíìsì kánsù,
fáànù ń yí bí ẹni tí wọn ò sanwó oṣù fún.
Ìyá Ṣórúnkẹ́ wọlé láti Òkè-Ìtòkò,
ó pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì òfìfo wà lọ́wọ́ òsì.
Mo kọ ọmọ náà sínú ìwé: Títílọ́pẹ́, oṣù mẹ́ta.
"Ọ̀fẹ́ ni, màmá. Ẹ máa lọ."
Kò lọ.

"Akọ̀wé, ìwé àwọn tó kú ńkọ́?"
Mo ṣí i. "Ta ló kú?"
"Ẹ̀rọ omi ojúde wa."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.
"Ọdún tí mo wọlé ọkọ ni wọ́n bí i.
Alága ìgbà yẹn ló ṣí i, a pa màlúù, a ya fọ́tò;
omi náà tutù bí ẹni pé inú àpáta ló sùn.
Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́,
ó ń kán tó, tó,
títí kò fi sọ nǹkan kan mọ́.
Alángbá ló ń gbé ẹnu rẹ̀ báyìí.
Síbẹ̀ ẹ tún lẹ ìwé ìpàdé mọ́ ọn lára:
'Sátidé, aago mẹ́rin, gbogbo aráàlú.'
Ṣé ara òkú la ti ń kéde àríyá?"

Bírò mi dúró.
Ní Adátán tí mò ń gbé, omi tánkà la ń rà.

Mo kọ ọ́: Ẹ̀rọ Omi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.
"Kí ló pa á?"
"Fi àyè sílẹ̀. Alága á kọ ọ́ ní Sátidé."
"Ẹbí òkú?"
Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́,
ó wá sún ìwé náà sí mi:
"Ìwọ náà, tẹ̀ ẹ́."