Kóìlì Oníhòòhò

Òjò Huddersfield ń fi èékánná ha fèrèsé.
Kóìlì méjì wà níwájú ampilifáyà mi:
ọ̀kan wà níhòòhò, bàbà rẹ̀ ń dán;
ìkejì wọ agolo dúdú, ó dákẹ́ bí àlejò.

Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd ní, "Mú èyí tó bora.
Oníhòòhò á máa kùn sí aládùúgbò rẹ̀ létí."

Òótọ́ ni. Mo sún un mọ́ tiransifọ́mà,
ó kùn hùùù, bí ìyá mi
tínú bá ń bí i tí kò fẹ́ sọ.

Mo yí i sí ìbú. Ohùn náà rọlẹ̀,
kò tán.
Mo fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ackroyd mirí. Ṣùgbọ́n nígbà tí gílóòbù pọ́n,
tíì tutù mọ́ ọn lọ́wọ́.