Omi Tí Ṣẹ́fíù Tu Dànù

Ìyá mi bu òróró sí àtẹ́lẹwọ́,
ó fi ra mí lẹ́sẹ̀ láti orúnkún dé gìgísẹ̀
bí ẹni ń fi àdí pa ọmọ tuntun lára.
"Ẹsẹ̀ yìí kò ní gbẹ̀yìn," ó wí.
Aago márùn-ún ìdájí, Nẹ́pà ti mú iná lọ,
àkùkọ ilé Ìyá Ràbì kò tíì kọ.
Mo ṣe àmín. Òróró ń ṣàn sínú ìbọ̀sẹ̀ mi.

Kóòṣì Pópóọlá gbóòórùn rẹ̀ ní Líbátì.
"Òróró kì í sáré.
Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń wo aago yìí,
kò bi ẹnikẹ́ni rí pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ."
Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ó tún jọ òótọ́.
Àbí ta ló ń gun Òkè Ààrẹ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́
títí àyà mi fi ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta?
Láyípo ń wò mí. Kò bá mi sáré.

Ìyípo méjì, mítà ẹgbẹ̀rin.
Oòrùn kò mojú ẹnikẹ́ni.
Ṣẹ́fíù ará Òjé dúró ní ọ̀nà kẹta,
ààwẹ̀ ọjọ́ kọkànlélógún ń bẹ lẹ́nu rẹ̀,
ètè rẹ̀ funfun bí ẹni lá ẹfun.

Ìyípo kìíní, n kò rí Ọlọ́run níbẹ̀:
ìgbọ̀nwọ́ ni, eruku ni, bàtà ẹlòmíì ní gìgísẹ̀ mi.
Ní ìyípo kejì, itan mi wúwo bí ọlọ.
Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì,
bí a ti ń dúró láti aago méjìlá títí di mẹ́rin,
tí oorun ń fà wá ní ìpéǹpéjú,
tí ìyá mi ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà:
"Dúró. Ó kù díẹ̀."
Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà.
Kì í ṣe òróró. Ìdúró yẹn ni.
Ó kù díẹ̀, ni ẹsẹ̀ mi ń wí, ó kù díẹ̀,
mo sì kọjá ẹni mẹ́rin.

N kò kọjá Ṣẹ́fíù.
Ó fi àyà já okùn, ó kúnlẹ̀,
ó fi iwájú orí kan ilẹ̀ pápá.
Wọ́n fún un ní omi tútù inú ọ̀rá.
Ó fi eyín já a, ó fà á sẹ́nu, ó fi ṣan ẹnu,
gbogbo wa ń wo ọ̀fun rẹ̀,
ó sì tu ú dànù.
Oòrùn ṣì ga lórí páànù Òkè-Àdó.

Mo ti rí i tí ènìyàn borí ènìyàn.
N kò tíì rí ẹni tó borí wa tán
tó tún jókòó borí omi.

Ní alẹ́, ìyá mi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ìgò òróró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ṣé Ọlọ́run ṣe é?"
Mo wo ẹsẹ̀ mi. Eruku ti lẹ̀ mọ́ òróró àárọ̀.
"Ó ṣe é, Màámi."
N kò sọ ẹni tó ṣe é fún.