Effie Kì Í Ṣe Òmìnira

Agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀ Dundee ò tíì mọ́,
èmi, garawa mi, àti obìnrin ara ògiri.
Ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ó na àsíá pupa sókè,
aṣọ ti yọ̀ léjìká rẹ̀, ọmú kan wà níta,
ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gun àlàpà,
síbẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ fónífóní.
Èmi tí mo ń nu ilẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni ẹsẹ̀ yẹn ń pa.

Bébà abẹ́ ẹ̀ pè é ní Òmìnira.
Moira tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní rárá o, Effie ni,
àbúrò ìyá ìyá òun,
tó ń hun àpò nílé iṣẹ́ etí odò,
irú àpò tí bàbá mi ń di kòkó sí l'Óǹdó.
Ayàwòrán ń san ṣílè méjì fún un lójúmọ́
kó dúró, kó gbápá sókè, kó má wúkọ́.
Ó wúkọ́. Eruku àpò ti gba àyà rẹ̀.
Ọdún tí wọ́n gbé e kọ́ ògiri, ìlú dìbò;
Effie ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.
Wọ́n rí obìnrin fi ṣe àsíá,
wọn ò rí i fi ṣe ará ìlú.

Mo wo ọmú yẹn títí.
Ẹwà ni ayàwòrán rò pé òun tú síta.
Lọ́dọ̀ tiwa, bí ìyá arúgbó bá tú ọmú nígboro,
òkèlè á já bọ́ lọ́wọ́ ọba,
àwọn ìjòyè á máa wá ẹ̀yìnkùlé gbà.
Ìyá bàbá mi ṣe é rí, nítorí owó orí:
ọmú tó tọ́ ọmọ mẹ́sàn-án, tó sin mẹ́rin.
Kò sẹ́ni tó jẹ́ yà á láwòrán.
Wọ́n dín owó orí kù. Díẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ a ó daṣẹ́ sílẹ̀, torí wákàtí tí wọ́n gé.
Moira ní, “Ìwọ lo ga, ìwọ ni kó ṣáájú,
àwọn oníwèé ìròyìn á wá ya fọ́tò.”
Mo ní mo gbà,
ṣùgbọ́n bàtà òjò mi á wà lẹ́sẹ̀,
kóòtù mi á dé ọrùn,
kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ kó pé:
Adéṣẹ̀wà Akíndùró, agbálẹ̀.
Moira rẹ́rìn-ín títí,
ó wúkọ́,
ó gbé garawa.