Kòtò Tí Mo Fi Yìnyín Bò

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ilẹ̀ ti ń ṣú ní Kotka.
Oṣù Kejìlá kì í bá oòrùn ṣeré níhìn-ín.
Veikka jókòó sórí àga tí Tauno kú sí,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀,
fóònù ń tàn sí i lójú bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n dáná sí.

"Màmá àgbà, ẹ wò ó, àpótí kan ló kù."
Àpótí náà ń gbọ̀n.
Ó ń gbọ̀n bí ìkòkò tó fẹ́ ru,
ó ń mí, ó ń fà sẹ́yìn.
Ẹni tó ṣe é mọ bí ọkàn ọmọdé ṣe lè nà tó kó tó já.
Àwọ̀ eérú, yẹpẹrẹ ni.
Búlúù sàn díẹ̀.
Wúrà nìkan ni wúrà: idà oníná
tí ọmọ kan ní kíláàsì wọn ti ní.
Àpótí là.
Ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ eérú. Ó ti ní mẹ́sàn-án irú rẹ̀.
"Ó kù díẹ̀ ni. Ṣé ẹ rí i? Wúrà ti fẹ́ yọ kó tó yí."

Ó kù díẹ̀.
Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. A ti jọ gbé rí.

Nígbà tí mo ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bébà,
ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù,
láàrin kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù àti òdòdó inú ike.
Màá ra wàrà, màá ra búrẹ́dì dúdú,
ṣéńjì á kù sọ́wọ́ mi,
ọwọ́ náà á sì wá ihò ẹ̀rọ lọ fúnra rẹ̀
bí màlúù tó mọ ọ̀nà ilé.
Ṣẹ́rí, ṣẹ́rí, ọsàn wẹ́wẹ́.
Ó kù díẹ̀.
Márkà la ń ná nígbà náà.
Ìgbà òtútù kan, owó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Tauno bá a lọ.
Mo ní àpamọ́wọ́ mi ló bọ́ sọnù lójú ọ̀nà.
Ó jáde. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń wá a nínú yìnyín
títí di aago mọ́kànlá alẹ́,
ó padà wọlé, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dì,
ó ní kí n má sunkún mọ́, owó kì í ṣe èèyàn.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.
Èmi jìn, mo jáde, mo fi yìnyín bo ojú rẹ̀.
Ó tẹ́jú, ó funfun, ó dára wò.
Ọmọ ọmọ mi wá ń sáré bọ̀ lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Saara bá mi yẹ ìwé báǹkì mi wò:
yúrò mẹ́ta, yúrò mẹ́ta, yúrò mẹ́sàn-án, yúrò mẹ́ta,
ojú ìwé méjì gbáko.
Ó ní olè ti rí arúgbó jà. Ó pe báǹkì.
Veikka wo bàtà rẹ̀. Èmi náà wo tèmi.
Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pe nọ́ńbà káàdì náà fún un, lọ́jọ́ ìbí rẹ̀.
Ọmọ tí kò lè rántí méje lọ́nà mẹ́jọ!

Lónìí ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì náà fún un.
Mo ti lanu.
"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Màmá àgbà. Èyí kì í ṣe owó yín, mo jẹ ẹ́ nínú géèmù ni."
Àpótí tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.
Mo wá awò ojú mi. Mo sún àga mi mọ́ tirẹ̀.
Eérú kọjá. Búlúù kọjá.
Ọwọ́ mi, tí kò kan ẹ̀rọ mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn,
ti di etí tábìlì mú,
kí n tó mọ̀, èmi ni mo ń pariwo pé
"Dúró, má tíì pa á, dúró,
ó kù díẹ̀."