Gìgísẹ̀ Ni Mo Fi Wọ̀n Ọ́n

Òjò rọ̀ lóru, ilẹ̀ Odòmọlà náà sì rọ̀.
Ní ìdájí mo wọ bàtà òjò, mo gba orí pápá lọ,
láti ìdí òkìtì ikán dé ìdí àgbọn:
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣísẹ̀ ó lé mẹ́rìndínlógún.
Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta géérégé ni.
Àgbọn kì í rìn;
ìṣísẹ̀ mi ló ń kúrú.

Mo tẹ gìgísẹ̀ bọlẹ̀ ní ibi méje.
Ó rì díẹ̀, ó dúró.
Ní ibi kẹfà, kò dúró bọ̀rọ̀.

Mo pe Ọ̀ṣínáìkè lórí fóònù: “Ilẹ̀ rọ̀ o.”
“Ó rọ̀ bí kí ni?”
“Bí ẹ̀kọ tí kò tíì tutù tán.”
Ó dákẹ́. Ó ní, “Mò ń bọ̀.”

Ó gba ojú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wọlé,
ó tẹ etí ìyẹ́ wálẹ̀ bíi lékelèke tó fẹ́ bà.
Táyà ẹ̀yìn méjèèjì kanlẹ̀, kò jẹ́ kí imú kàn án;
ó gbé imú náà dání bí a ṣe ń gbé orí ọmọ tuntun
títí eré fi tán.
Kò tẹ bíréèkì.
Ta ní í tẹ bíréèkì lórí ẹ̀kọ?

Ṣówándé ti ń dúró láti aago mẹ́fà,
òun àti ọ̀rá omi mẹ́rin, ọmọ ẹja ń yí nínú wọn.
Ọ̀ṣínáìkè wo ikùn ọkùnrin náà, ó wo ojú ọ̀run.
“Kò sí atẹ́gùn, oòrùn ti ń mú,
koríko tútù á sì di táyà mú bí olówó èlé.
Ẹ̀yin tàbí ẹja. Ẹ mú ọ̀kan.”
“Ẹja ò lè dúró dọ̀la,” ni Ṣówándé wí,
ó jókòó lé àpótí irinṣẹ́ mi.

Ọkọ̀ náà yí wá, kò dúró, ó kúkú sáré lọ bẹ́ẹ̀.
Ẹrẹ̀ ń ta sí ìyẹ́.
Ní ibi kẹfà mo di ojú.
Nígbà tí mo là á, táyà ti fi ilẹ̀ sílẹ̀,
ṣùgbọ́n kò gòkè:
ó ń fò ní ìwọ̀n orúnkún
lórí atẹ́gùn tí ìyẹ́ ara rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó ń ṣa eré jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà,
àgbọn ń bọ̀,
má tíì gòkè, ọmọ,
àgbọn ń bọ̀—

ó gbé orí.
Imọ̀ kan mì.

“Ǹjẹ́ ẹja yẹn mọ̀ pé òun ń fò?” ni Ṣówándé bi mí.
Èmi ti gbé ṣọ́bìrì,
mo ń lọ sí ibi kẹfà.