Rẹ́jísítà Àkọ́kọ́ ní Jikwoyi

Kí wọ́n tó jù ú síná pẹ̀lú àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta,
mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ikán ti jẹ etí rẹ̀ yí po,
kò tíì dé ibi tí orúkọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mọ́kànlá lábẹ́ igi irúgbá.
Kò sí páànù. Kò sí ògiri.
Ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ ni Màlámù Shekwolo yọ,
tó fi èédú kùn ún, tó sọ ọ́ di pátákó.
Ìyàwó rẹ̀ bínú fún oṣù kan gbáko,
ewúrẹ́ ń wọlé wá jẹ ọkà bàbà rẹ̀.
Èyí kò sí nínú rẹ́jísítà. Òun ló sọ ọ́ fún mi.

Èmi ti Ìsánlú dé lọ́dún kẹrin,
mi ò gbọ́ Gbàgyí, mi ò gbọ́ Hausa,
àwọn ọmọ ni tíṣà mi kí n tó di tíṣà wọn.
"Ruwa," wọ́n nawọ́ sódò.
Mo pè é tẹ̀lé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí aago fi dún,
rími ọkọ̀ kan tí a so rọ̀ sára ẹ̀ka.

Àwọn ìyá wọn ló pọn omi tí a fi po amọ̀,
léjìká, kì í ṣe lórí:
wọ́n ní orí lọba ara, ta ní ń gbẹ́rù lé ọba?
Kíláàsì mẹ́ta dìde.
Lọ́dún kẹsàn-án, ìjì ká páànù lọ,
a bá a lóko Gambo, ó sùn lé ebè iṣu.
Gambo ní ká san owó iṣu òun.
A san án. Rìsíìtì rẹ̀ nìyí, ó ti pọ́n bí epo.

Lẹ́yìn náà ni ìlú ńlá wá ká wa mọ́lé:
katakata, àwọn ọkùnrin tó mú téèpù lọ́wọ́,
tí wọ́n ń wọn ilẹ̀, tí wọn ò kí ẹnikẹ́ni.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a dé,
ọ̀dà pupa ti wà lára ògiri,
ìlà méjì tó dábùú ara wọn.
Ọmọ kíláàsì kejì kan fà mí láṣọ:
"Tíṣà, ìṣirò wo ni ilé-ìwé wa kò gbà?"

Mi ò rí èsì fún un. Mi ò tíì rí i.

Títì gba ibi tí igi irúgbá wà.
Wọ́n kọ́ alájà méjì fún wa ní òdìkejì;
ọmọ tó wà níbẹ̀ lónìí lé ní ẹgbẹ̀rún,
kọ̀ǹpútà ló ń ka orúkọ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà keje: Nubwa Jatau.
Ó wá fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún,
Màlámù fi rúlà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́,
ó kọ "ó ti lọ." Kò kọ ibi tó lọ.
Orúkọ rẹ̀ ni mo bá nílẹ̀, mi ò mọ ojú rẹ̀.
Síbẹ̀, bí obìnrin bá gbé igi ìdáná léjìká kọjá ní títì,
mo máa ń pè é: Nubwa!
Àwọn kan a wẹ̀yìn. Kì í ṣe àwọn.

Mo ti fi ìró wé rẹ́jísítà náà,
mo ń gbé e lọ sílé. Mo mọ̀ pé ohun ìjọba ni.
Ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sí mi lára.