Ọ̀nà Àbọ̀

Ọyẹ́ mú ní Ìtókò, ètè gbogbo wa là.
Mo fi kóòmù oníke ya irun,
ó ń ta pàrà-pàrà bí iyọ̀ tí wọ́n dà síná;
mo sún un mọ́ èérún bébà,
bébà dìde, ó lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Láfẹ́ńwá,
dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ṣóyọyè tó ń tún rédíò ṣe.
"Ìyẹn jókòó ni," ó ní, "kò tíì rí ọ̀nà.
Wá wo èyí tó ń rìn."
Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, wáyà kan,
gílóòbù tí kò tó èkùrọ́.
Mo so orí bátìrì mọ́ ìdí gílóòbù.
Kò tàn.

"O lanà àlọ fún un. Àbọ̀ ńkọ́?"

Mo wá wáyà kejì, mo fi kan ìdí bátìrì,
mo fi kan ọrùn gílóòbù.
Háà! Ó lajú, ó pọ́n bí ẹyinjú ẹyẹlé.
Bàbá gé wáyà láàárín: ó kú.
Ó fi igi ìṣáná dí àlàfo: òkú ni síbẹ̀.
Ó fi kọ́bọ̀ àtijọ́ dí i:
ó jí.

Rélùwéè kọjá lórí afárá, ṣọ́ọ̀bù mì,
iná kékeré náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Lálẹ́, wọ́n mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò.
Ìyá mi kò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.
Kò tì í rí láti ọjọ́ tí Abíọ́nà
ti wọ ọkọ̀ ní Kútọ̀.
Mo máa ń bínú sí i tẹ́lẹ̀, nítorí ẹ̀fọn.
Lọ́jọ́ náà mo dákẹ́,
mo sún àga kúrò lójú ọ̀nà.